Ọgbà Tí Ẹyẹ Ń Fẹ́ Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

 

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìnkùlé wa ní oṣù kejì ọdún. Ilẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Ewé ti wọ́ dànù. Ọyẹ́ ti fẹ́ eruku lé orí gbogbo nǹkan. Ní Kétu àti ní Ṣábẹ, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Àwọn odò kéékèèké a gbẹ. Omi inú kànga a lọ sísàlẹ̀. Ní àsìkò yẹn, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ ó gbọ́ àkùkọ. Ẹ ó gbọ́ ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ tí ń ké nítòsí ilé nígbà òjò, púpọ̀ nínú wọn ti lọ síbi tí omi wà.

A fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí nípa bí ẹ ṣe lè mú kí wọ́n dúró. Kò gba owó púpọ̀. Kò gba ilẹ̀ ńlá. Ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 5, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 4, lẹ́yìn balùwẹ̀, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ẹyẹ yóò ṣe fún wa?

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé: "Ẹyẹ tí ń jẹ ọkà mi lóko, òun ni kí n tún máa fún ní omi nílé?" Ìbéèrè gidi ni. Àgbẹ̀ tí ẹ̀gà ti jẹ ọkà bàbà rẹ̀ kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹyẹ ṣeré. Nígbà tí ọkà bá ń gbó, ọmọ tí ó yẹ kí ó wà nílé ẹ̀kọ́ ni a ń rán lọ lé ẹyẹ lóko.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹyẹ kò rí bákan náà. Ẹ wo ẹnu wọn, ẹ ó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kúrú tí ó sì nípọn, bí ẹ̀gà àti ológoṣẹ́, ọkà àti èso koríko ni ó ń fọ́ jẹ. Èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì mú, kòkòrò ni ó ń ṣà jẹ. Ẹyẹ kékeré kan wà tí ara rẹ̀ ń dán, tí ẹnu rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ̀ bí dòjé. Omi dídùn inú òdòdó ni òun ń fà mu. Ó sì ń mú aláǹtakùn kéékèèké. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ká bí ìwọ̀, bí àwòdì àti òwìwí, ẹran ni ó ń jẹ. Lékèélékèé ń tẹ̀lé màlúù kiri nítorí tata. Bí màlúù bá ti ń rìn nínú koríko, tata a máa fò sókè, lékèélékèé a sì gbé e mì.

Ẹ̀gà tí a ń bú yìí pàápàá, nígbà tí ó bá ní ọmọ nínú ìtẹ́, kòkòrò rírọ̀ ni ó ń gbé lọ fún wọn. Ọmọ ẹyẹ kò lè fi ọkà líle dàgbà.

Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ rí kòkòrò tuntun kan nínú oko àgbàdo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti ní Nàìjíríà. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti wá. Ó máa ń wọ àárín ewé àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó sì ń jẹ ẹ́ títí tí yóò fi rí bí àkísà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sáré lọ ra oògùn. A kò ní tàn yín: ẹyẹ nìkan kò lè ṣẹ́gun kòkòrò yìí. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ń gbé nítòsí oko yóò máa ṣa èyí tí ó bá rí, lójoojúmọ́, láìgba kọ́bọ̀.

Oògùn apakòkòrò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 1999 àti ọdún 2000, ní ilẹ̀ Borgou ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, oògùn òwú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ endosulfan pa àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ẹnu kò pé kí a pa lílò rẹ̀ tì. Oògùn tí ó lè pa ènìyàn, kí ni kò ní ṣe fún ẹyẹ? Ẹyẹ tí ó bá jẹ kòkòrò olóògùn lè kú. Bí ẹyẹ bá kú tán, kòkòrò tí ó bá ṣẹ́kù yóò máa bí sí i láìsí ẹni tí ń lé e. Nítorí náà, ẹ má fọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí ọgbà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí rárá.

Omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan rò pé ọkà ni a fi ń pe ẹyẹ. Àwa kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọkà wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín jẹ ẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọkà tí ẹ bá dà sílẹ̀ yóò pe ẹ̀gà, yóò sì pe eku. Ẹyẹ tí ń jẹ kòkòrò kò ní bojú wò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹyẹ ni òùngbẹ ń gbẹ. Ní ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa, omi kékeré kan ń pe ẹyẹ ju apẹ̀rẹ̀ ọkà lọ.

Ẹ wá àwo amọ̀ tí ó fẹ̀, tí kò sì jìn. Ìdí ìkòkò tí ó fọ́ dára púpọ̀. Ẹ má ju tiyín nù. Amọ̀ dára ju ike àti abọ́ onírin lọ, nítorí kò yọ̀, ẹsẹ̀ ẹyẹ lè dì í mú. Abọ́ onírin a sì máa gbóná nínú oòrùn. Ẹ bu omi sínú rẹ̀, kí ó má jìn ju ìbú ìka 2 lọ. Ẹyẹ kékeré lè kú sínú omi tí ó jìn. Ẹ fi òkúta kan sí àárín, kí orí rẹ̀ yọ síta. Orí òkúta yìí ni ẹyẹ yóò dúró sí. Ibẹ̀ ni oyin náà yóò bà sí, nítorí oyin ń mu omi bí àwa.

Ẹ ri òpó igi oníga mọ́lẹ̀, kí ó ga tó mítà 1, kí ẹ sì gbé àwo náà lé orí ìga rẹ̀. Ẹ so ẹ̀gún yí òpó náà ká nítorí ológbò. Kí ibẹ̀ ní ìbòòji. Kí ó sì jìnnà sí igbó tàbí koríko gíga tó ìṣísẹ̀ 3 tàbí 4. Bí ó bá sún mọ́ igbó jù, ológbò yóò lúgọ síbẹ̀. Bí ó bá jìnnà jù, ẹyẹ kò ní rí ibi tí yóò sá sí nígbà tí àṣá bá dé.

Ìdí mìíràn wà tí a fi gbé àwo náà sókè. Ẹ má jẹ́ kí adìẹ ilé àti ẹyẹ igbó mu omi nínú àwo kan. Àrùn lúkúlúkú tí ń pa adìẹ wa rẹpẹtẹ nígbà ọyẹ́ lè gba inú omi àti ìgbẹ́ kọjá láti ara ẹyẹ kan sí ara èkejì. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ pe ẹni tí ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn ní àdúgbò yín kí ó fún adìẹ yín ní oògùn àjẹsára.

Ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọjọ́ méjì-méjì. Ẹ má fi èyí ṣeré. Ẹ̀fọn ń yé sínú omi tí ó dúró sójú kan. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin náà ti di ẹ̀fọn tí ń fò. A kò fẹ́ kí ọgbà ẹyẹ di ilé ibà. Ẹ da omi àtijọ́ sí ìdí ọ̀gbìn, ẹ fi ìgbálẹ̀ tàbí kànrìnkàn fọ àwo náà láìlo ọṣẹ, kí ẹ tó bu omi mìíràn sí i.

Nísinsìnyí, ìyàwó ilé kan lè sọ fún ọkọ rẹ̀ pé: "Bàbá Ìbejì, ẹ ń sọ̀rọ̀ omi ẹyẹ. Ta ni yóò rù ú?" Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ní abúlé púpọ̀, obìnrin ni ń rin ọ̀nà jíjìn lọ pọn omi. Omi ẹyẹ kò ju igbá kan lọ ní ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n orí ẹnìkan náà ni yóò gbà wọlé. Ní tiwa, ọmọkùnrin tí ó ní róbà tí ó fi ń ta òkúta mọ́ ẹyẹ ni kí ẹ fún ní iṣẹ́ yìí. Kí òun ni ó máa pọn omi náà, kí òun ni ó máa fọ àwo. Ọmọ tí ó bá ń retí ẹyẹ ní òwúrọ̀ kì í pẹ́ gbàgbé róbà rẹ̀.

Ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀

Omi mímu nìkan kò tó. Ẹyẹ ń fẹ́ ìbòòji àti ewé tútù tí kòkòrò ń gbé. Báwo ni a ó ṣe ní ewé tútù ní oṣù kejì, nígbà tí omi wọ́n?

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò láti ohun tí ó lé ní ọdún 2000. Àwọn amọ̀kòkò wa lè ṣe ohun tí ó gbà láìkọ́ iṣẹ́ tuntun. Ẹ mú ìkòkò amọ̀ tí a ti sun, tí a kò kùn ní ọ̀dà, tí a kò sì fi ọ̀rá tàbí epo pa. Kí ó lè gba omi bíi lítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó lò ó, ẹ dán an wò. Ẹ rọ omi kún inú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ara rẹ̀ lóde bá tutù bí ara àmù, ó dára. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ táútáú, omi kò lè gba inú rẹ̀ jáde. Ẹ fi í se ọbẹ̀.

Ẹ wa ihò, ẹ ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn. Kí ẹnu rẹ̀ yọ síta ní ìbú ìka 2 tàbí 3, kí erùpẹ̀ má baà dà sínú rẹ̀. Ẹ fi erùpẹ̀ tí a pò mọ́ ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà yí i ká, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ rọ omi kún un. Ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ dé e, kí oòrùn má fa omi náà gbẹ, kí ẹ̀fọn má sì wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin nǹkan yín yí i ká. Kí ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ìkòkò náà tó ìbú ọwọ́ kan.

Omi yóò máa rọra yọ jáde lára amọ̀ náà sínú ilẹ̀. Gbòǹgbò yóò wá a lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, omi kì í yọ púpọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, a yọ sí i. Bí a bá ń fi garawa bu omi sórí ilẹ̀ ní ọ̀sán, oòrùn ni ó ń mu èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti ìkòkò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa yẹ inú rẹ̀ wò ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì rọ omi kún un kí ó tó gbẹ tán.

Omi ìwẹ̀ náà wúlò. Ẹ la ojú àgbàrá kékeré láti balùwẹ̀ wá sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìbẹ́pẹ. Omi ọṣẹ díẹ̀ kò ní pa igi. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á sórí ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ó dúró sójú kan, kí ó má di adágún ẹ̀fọn.

Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo àgbàdo bo ilẹ̀ ìdí ọ̀gbìn, kí ilẹ̀ má gbóná. Kí ó má kan ara igi, nítorí ikán. Adìẹ yóò fẹ́ràn láti tú u ká, nítorí náà ẹ rí i pé ọgbà wà.

Kí ni kí a gbìn?

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ wo èyí tí ó ti wà nílẹ̀. Igi ìṣin, igi òrí, igi igbá tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, ẹ má gé wọn. Igi kan tí ó ti dàgbà ju ogún igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ lọ. Bí ẹ̀ka kan bá gbẹ lórí igi, tí kò sì lè wó lu ilé tàbí ènìyàn, ẹ fi sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni ẹyẹ yóò bà sí láti máa wo kòkòrò. Inú rẹ̀ ni àkókó yóò gbẹ́ ihò sí.

Fún ọgbà, ewúrẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ fi làpálàpá ṣe odi, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé èso rẹ̀ ní májèlé. Ẹ lè fi akòko sí àárín rẹ̀, akòko tí a fi ewé rẹ̀ jẹ oyè. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò hù. Bí ó bá tanná, ẹ ó rí ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn yẹn.

Nínú ọgbà, ẹ gbin òtílì. Bí a bá ní kí a mú ọ̀gbìn kan ṣoṣo, òun ni à bá mú. Ó ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ń mú ilẹ̀ lágbára. Ẹ ó jẹ èso rẹ̀, ewúrẹ́ yóò jẹ ewé rẹ̀ tí ẹ bá gé fún un, ẹyẹ yóò sì rí kòkòrò àti ìbòòji lára rẹ̀. Ó lè wà nílẹ̀ fún ọdún 2 tàbí 3.

Ẹ gbin ìbẹ́pẹ 1 tàbí 2, kí ẹ sì fi èso tí ó wà lókè pátápátá sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ẹ gbin ata wẹ́wẹ́. Ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu bí ó ti ń ta wá. Ẹyẹ a gbé e mì, a sì yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sí abẹ́ igi. Ata tí ẹ ń rí lábẹ́ igi, tí ẹ sì ń bi ara yín pé ta ni ó gbìn ín, ẹyẹ ni ó gbìn ín.

Bí ààyè bá wà, ẹ gbin ọdán. Ọ̀pá rẹ̀ tí ó nípọn bí apá ènìyàn yóò hù bí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀. Èso rẹ̀ ń bọ́ ẹyẹ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ kànga tàbí ògiri, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Kí ibi tí ewé bá ti ṣú jù sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé, kí ẹ máa gbá àyíká rẹ̀, nítorí ejò.

Àwọn àlejò àti òwìwí

Díẹ̀ nínú ẹyẹ tí ẹ ó rí nígbà ọyẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Alápàándẹ̀dẹ̀ kan wà tí ń wá láti ilẹ̀ àwọn òyìnbó, tí ń fò kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹyẹ kékeré kan náà wà tí ń jókòó sórí ẹ̀ka, tí ń fò jáde mú eṣinṣin nínú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń padà sórí ẹ̀ka. Púpọ̀ nínú wọn ń padà sílé ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun títí tí wọn yóò fi sanra, nítorí kò sí oúnjẹ nínú aṣálẹ̀. Oṣù tí omi wa wọ́n jù ni wọ́n ń múra ìrìn àjò náà.

Òwìwí náà lè wá. A mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni, wọ́n a sì sọ ọ́ lókùúta pa. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo abẹ́ igi tí òwìwí ń sùn sí. Ẹ ó rí ohun kan tí ó ṣù bí ìka, tí irun àti egungun kún inú rẹ̀. Egungun eku ni. Òwìwí a gbé eku mì, a sì bi egungun rẹ̀ jáde. Eku tí ń jẹ àgbàdo nínú àká yín ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ibà Lassa bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou, ní àríwá Ṣábẹ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ni ó ń gbé àrùn náà wọ inú oúnjẹ. Òwìwí kò lè gbà yín lọ́wọ́ Lassa. Ẹ gbọ́dọ̀ máa bo oúnjẹ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa òwìwí ti dín àwọn ọdẹ eku kù ní agbègbè rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kù. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tí ó kú lójijì nínú ọgbà, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ má sì jẹ ẹ́. Àrùn ẹyẹ tí ó lè ran ènìyàn ti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2007 àti ní ọdún 2021. Ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́ yín, ẹ sin ẹyẹ náà jinlẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí adìẹ tàbí ẹyẹ bá ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ sọ fún olórí abúlé àti ẹni tí ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbà tí a ń ṣe é

Ẹ má dúró de òjò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejìlá, ẹ gbé àwo omi sí ipò rẹ̀, ẹ sì ri ìkòkò mọ́lẹ̀. Ẹ gbin ẹ̀fọ́ àti ata yí ìkòkò náà ká. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ẹ wa kòtò igi, ẹ da ìgbẹ́ ẹran àti ewé gbígbẹ sínú rẹ̀.

Fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ lè máà rí ẹyẹ kankan. Ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Àdàbà ni yóò kọ́kọ́ wá, nítorí òun kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ènìyàn. Àwọn yòókù ń wò ó. Bí àdàbà bá mu tí nǹkan kan kò ṣe é, wọn yóò tẹ̀lé e.

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gbin òtílì, akòko, làpálàpá àti ọdán yín. Omi ti wà níbi gbogbo fún ẹyẹ nígbà yẹn. Ẹ gbé àwo náà kúrò lórí òpó, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ̀fọn má baà rí ibi yé sí. Ẹ fi pamọ́ sí abẹ́ àká títí di oṣù kọkànlá.